Orúkọ Tí Ó Kù Nínú Èéfín: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wò ó, a ó rí i pé òtítọ́ inú rẹ̀ kò mọ sórí ọmọ ènìyàn nìkan. Ohun gbogbo tí ń jẹ́ orúkọ láyé ni ó ní ilé tí a wò kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí ó ń pe orúkọ nǹkan lójoojúmọ́, tí kò sì bèèrè ilé tí orúkọ náà ti jáde wá, dà bí ẹni tí ó ń pọn omi odò láti kékeré tí kò sì mọ orísun rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ kíláàsì mi kan ń ka ìwé ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí kò yé e. Ó gbé ìwé náà tọ̀ mí wá, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, kí ni wọ́n ń pè ní 'stogie'?" Mo dá a lóhùn pé irú sìgá kan ni. Ó dúpẹ́, ó kẹ́yìn sí mi, ó fẹ́ máa lọ. Ṣùgbọ́n kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ó fi tún yí padà, ó ní, "Sà, kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀?" Mo la ẹnu láti dáhùn, mo rí i pé èsì kò sí níbẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀, nítorí èmi ni mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gbé ọ̀rọ̀ mì láìjẹ ẹ́. Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí mo rí láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín. Mo rò pé mo ń lọ wá ìtàn sìgá. Ìtàn àwọn ènìyàn kan tí ayé ti gbàgbé ni mo bá bọ̀.

1. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí

'Stogie' jẹ́ sìgá gbọọrọ, tín-ín-rín, tí a fi ewé tábà ká láìsí ọnà púpọ̀ lára rẹ̀. Kì í ṣe sìgá kékeré tí a fi bébà wé, tí a ń tò sínú páálí, èyí tí ó wọ́pọ̀ nígboro wa. Ewé tábà ni inú rẹ̀, ewé tábà náà ni ẹ̀wù rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Sìgá mẹ̀kúnnù ni, kì í ṣe ti ọlọ́lá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti bí ọ̀rọ̀ náà, níbẹ̀ ni ó sì ti gbajúmọ̀ jù lọ.

Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ a máa gbòòrò bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Lóde òní, ará Amẹ́ríkà lè pe sìgá ewé tábà èyíkéyìí ní 'stogie', ìbáà ṣe olówó pọ́ọ́kú, ìbáà ṣe olówó iyebíye. Èyí kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Ní ayé àtijọ́, ohun tí ń rìn lórí omi ni àwọn baba wa ń pè ní ọkọ̀. Nígbà tí ohun ìrìnnà orí ilẹ̀ dé, a pè é ní ọkọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí èyí tí ń fò dé, a pè é ní ọkọ̀ òfurufú. Lónìí, bí ọmọ Ìbàdàn bá wí pé òun ń lọ wọ ọkọ̀, kò sí ẹni tí yóò rò pé etí odò ni ó ń lọ. Ọ̀rọ̀ 'sìgá' tí àwa pàápàá ń lò ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Láti inú orúkọ tí àwọn Òyìnbó fi ń pe èyí tí a fi ewé ká ni ó ti wá, ṣùgbọ́n lẹ́nu wa, èyí tí a fi bébà wé ni ó sábà máa ń tọ́ka sí.

2. Bí a ti ń sọ sìgá lórúkọ

Kí a tó dé ilé 'stogie', ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba orúkọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó hàn gbangba.

Èkínní ni orúkọ tí a fún nǹkan nítorí bí a ti ṣe é. Irú sìgá kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'cheroot', tí wọ́n gé orí àti ìdí rẹ̀ gbọọrọgbọ. Láti inú èdè Tamil, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ ni 'ohun tí a ká'. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ wo ọwọ́ ẹni tí ń ṣe é.

Èkejì ni orúkọ tí a fún nǹkan nítorí ìrísí rẹ̀. 'Panatela' jẹ́ sìgá gígùn tín-ín-rín. Láti inú èdè Spéìn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orúkọ rẹ̀ ti wá, bísíkíìtì gbọọrọ kan ni ó sì ń jẹ́ orúkọ náà kí sìgá tó gbà á. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ wo ara nǹkan náà.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ tí a fún nǹkan nítorí ibi tí ó ti wá. 'Havana' ń jẹ́ orúkọ olú-ìlú Kúbà. 'Manila' ń jẹ́ orúkọ olú-ìlú Filipínì. Àwa náà mọ irú èyí dáadáa. À ń pe gàrí kan ní gàrí Ìjẹ̀bú, à ń pe ìrẹsì kan ní ìrẹsì Ọ̀fadà, kò sì sí ẹni tí ó ń jẹ wọ́n tí ó ń ronú nípa ìlú tí ó fún wọn lórúkọ nígbà tí òkèlè bá ń lọ lọ́nà ọ̀fun.

Nínú ọ̀nà kẹta yìí ni 'stogie' wà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ wọ́ kọrọ púpọ̀, nítorí kì í ṣe ìlú ni ó fi orúkọ rẹ̀ fún sìgá náà tààrà. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ni ó wà láàárín wọn.

3. Kẹ̀kẹ́ ẹrù àti àwọn tí ń wà á

Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ní agbègbè tí à ń pè ní Lancaster, odò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Conestoga. Ní àfonífojì odò náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti alágbẹ̀dẹ tí ó ti ilẹ̀ Jámánì wá tẹ̀dó síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan kẹ̀kẹ́ ẹrù ńláńlá kan. Orúkọ ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ náà gbà: kẹ̀kẹ́ Conestoga.

Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe kékeré rárá. Ẹṣin mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó ń fà á. Wọ́n tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọdọrọ bí inú ọkọ̀ ojú omi, kí ẹrù má baà yọ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn nígbà tí ó bá ń gun òkè tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi aṣọ funfun nínípọn bo orí rẹ̀. Àwọ̀ aró ni wọ́n sábà máa ń kùn sí ara rẹ̀, wọ́n a sì kun ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pupa. Agogo wẹẹrẹ a máa dún lọ́rùn àwọn ẹṣin, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará abúlé fi ń gbọ́ bíbọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó fi ojú rí i. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń kó ìyẹ̀fun, awọ ẹran àti irin lọ sí ọjà Philadelphia, tí ó sì ń kó iyọ̀, aṣọ àti ohun èlò ilé bọ̀. Nígbà tí ọ̀nà ńlá tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà là láti Cumberland dé ìlú Wheeling lẹ́bàá odò Ohio ní 1818, àwọn kẹ̀kẹ́ yìí kún ojú ọ̀nà náà bí eèrà.

Ẹni tí ń wa kẹ̀kẹ́ náà kì í jókòó sínú rẹ̀. Nígbà mìíràn yóò gun ẹṣin tí ó wà lápá òsì lẹ́yìn. Nígbà mìíràn yóò máa fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, pàṣán lọ́wọ́, nínú ẹrẹ̀ àti nínú eruku. Iṣẹ́ líle ni. Ẹni tí ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nílò ohun méjì: bàtà tí kò tètè gbó, àti ohun tí yóò fi pa àárẹ̀ rẹ́. Àwọn oníṣòwò mọ èyí. Wọ́n rán bàtà nínípọn fún wọn, wọ́n sì ká sìgá gígùn olówó pọ́ọ́kú fún wọn. Ní 1840, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mifflin Marsh bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú sìgá yìí ní ìlú Wheeling, ó ń tà á fún àwọn awakẹ̀kẹ́ àti fún àwọn tí ń wọ ọkọ̀ lórí odò Ohio. Ìlú Pittsburgh náà di ibi tí a ti ń ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀.

Níhìn-ín ni ahọ́n ènìyàn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. 'Conestoga' gùn lẹ́nu, nítorí náà wọ́n gé orí rẹ̀ kúrò, ó ku 'stoga', èyí sì di 'stogie'. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí ṣòro fún yín láti gbà gbọ́. Kí ni àwa ń ṣe sí Babátúndé bí kò ṣe pé a gé Baba kúrò, ó ku Túndé? Kí ni a ṣe sí Akínwándé tí ó fi di Wándé? Bí a bá lè gé orí orúkọ ọmọ tí a bí, kí ló dé tí àwọn awakẹ̀kẹ́ kò fi ní gé ti kẹ̀kẹ́ wọn?

Ẹnìkan lè bèèrè pé báwo ni a ti ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni èyí, tí kì í ṣe àlọ́ lásán. Ìbéèrè rere ni, nítorí ìtàn adùn-ún-gbọ́ tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ pọ̀ púpọ̀ nípa orísun ọ̀rọ̀. Ohun mẹ́ta ni onímọ̀ ń wò. Ó ń wo ìró: ṣé ìró ọ̀rọ̀ tuntun náà wà nínú ti àtijọ́? Ó ń wo àkókò: ṣé ọ̀rọ̀ náà jáde nígbà tí ohun tí a ní ó bí i wà láyé? Ó ń wo ibi: ṣé agbègbè kan náà ni? Ọ̀rọ̀ yìí yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìró 'stoga' wà nínú Conestoga gbangba. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọ̀rọ̀ náà hàn nínú ìwé, nígbà tí ìrántí kẹ̀kẹ́ náà ṣì tutù lára àwọn ènìyàn. Pennsylvania àti Wheeling sì wà lójú ọ̀nà kan náà. Ẹ̀rí kẹrin tún wà tí ó dùn mọ́ mi nínú jù lọ: bàtà nínípọn àwọn awakẹ̀kẹ́ náà ń jẹ́ 'stogie' pẹ̀lú. Kí ni bàtà àti sìgá fi jọ ara wọn? Kò sí, àfi pé ọkùnrin kan náà ni ó wọ ọ̀kan sẹ́sẹ̀ tí ó sì fi èkejì sẹ́nu.

Ní 1853, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í dé Wheeling. Láìpẹ́, agogo ọrùn ẹṣin dákẹ́ lójú ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ lọ, awakẹ̀kẹ́ lọ. Sìgá wọn ni ó kù.

4. Àwọn tí ó ni orúkọ náà

Mo lè dúró níbí, kí n pe ọmọ kíláàsì mi, kí n sì fún un lésì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo bi ara mi pé, bí kẹ̀kẹ́ bá gba orúkọ lọ́wọ́ odò, ta ni odò gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀?

Kí Òyìnbó tó dé ilẹ̀ náà, àwọn ọmọ-ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí à ń pè ní Susquehannock ni ó ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀yà alágbára ni wọ́n. Nígbà tí John Smith, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá wọn pàdé ní 1608, ẹnu yà á sí títóbi ìdúró wọn. Ṣùgbọ́n ogun àti àrùn ilẹ̀ òkèèrè dín wọn kù títí tí ìyókù wọn fi di díẹ̀. Àwọn mìíràn lọ darapọ̀ mọ́ ẹ̀yà tí ó yí wọn ká. Àwọn díẹ̀ tẹ ìlú kékeré kan dó nítòsí odò náà, a sì ń fi orúkọ kan pe ìlú náà àti àwọn tí ń gbé inú rẹ̀: Conestoga.

Ní 1701, William Penn, ẹni tí ó dá Pennsylvania sílẹ̀, bá wọn dá májẹ̀mú pé àlàáfíà àti ọ̀rẹ́ yóò wà láàárín wọn títí láé. Àwọn Conestoga pa májẹ̀mú náà mọ́ fún ohun tí ó ju ọgọ́ta ọdún lọ. Ní 1763, nǹkan bí ogún ènìyàn péré ni ó kù nínú wọn. Wọ́n tálákà, wọn kò sì ní ohun ìjà tí a lè bẹ̀rù. Ìgbálẹ̀ àti agbọ̀n ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n ń gbé kiri lọ tà fún àwọn Òyìnbó aládùúgbò wọn.

Ní ọdún yẹn gan-an ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn láàárín àwọn ẹ̀yà ọmọ-ìbílẹ̀ kan àti àwọn Òyìnbó. A pa ọ̀pọ̀ ìdílé Òyìnbó tí ń gbé ẹ̀bá ìgbẹ́. Inú bí àwọn ọkùnrin kan láti àgbègbè Paxton. Ọwọ́ wọn kò tó àwọn tí ó ṣẹ̀ wọ́n, ni wọ́n bá yíjú sí àwọn tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Yorùbá ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé; ìka tí ó sún mọ́ wọn ni àwọn ará Paxton gé. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá, 1763, wọ́n gun ẹṣin wọ ìlú kékeré náà. Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n bá nílé. Wọ́n pa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì dáná sun ilé wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí a pa ni arúgbó kan tí ń jẹ́ Shehaes, ẹni tí ó wà níbẹ̀ ní 1701 nígbà tí a dá májẹ̀mú.

Ènìyàn mẹ́rìnlá tí kò sí nílé ní ọjọ́ náà ni àwọn aláṣẹ kó wá sí ìlú Lancaster. Wọ́n fi wọ́n sínú ilé ìjọba kan tí ó ní ògiri líle, kí wọ́n lè wà láìléwu. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kan náà, àwọn ẹlẹ́ṣin náà tún dé. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, àtọkùnrin, àtobìnrin, àtọmọdé. Gómìnà John Penn, ọmọ-ọmọ William Penn, kéde pé òun yóò san owó fún ẹni tí ó bá mú àwọn apànìyàn náà wá. Ní 1764, Benjamin Franklin kọ ìwé kékeré kan láti bá ìwà náà wí, ó sì kọ orúkọ àwọn òkú sínú rẹ̀ kí a má baà gbàgbé wọn. Síbẹ̀, kò sí ẹnìkan tí a gbé dé ilé ẹjọ́ nítorí rẹ̀. Àwọn méjì tí ó ń gbé lóko àgbẹ̀ Òyìnbó kan ni ọwọ́ àwọn apànìyàn kò tẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀lé èyí ni ó ba ọkàn mi jẹ́ jù. Ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí ìlú àwọn Conestoga ti di oko, kẹ̀kẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ wọn ń rìn káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú agogo àti ẹwà. Lẹ́yìn ìyẹn, bàtà gba orúkọ náà. Lẹ́yìn bàtà, sìgá. Orúkọ tí ó jẹ́ ti ènìyàn di ti ohun tí a ń fi iná sí, tí ń di eérú lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀.

5. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, mo ka ohun tí mo kọ sí gbogbo kíláàsì létí. Wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ tí ó bi mí léèrè ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Sà, ṣé àwọn tí ó ń mu sìgá náà jẹ̀bi ni?" Mo ní rárá. Ẹni tí ó ń pe orúkọ kan láìmọ ìtàn rẹ̀ kò pa ẹnìkan. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ a máa bá apànìyàn parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó pa ènìyàn pa ara rẹ̀. Ẹni tí ó gbàgbé pé ó wà rí pa ìrántí rẹ̀.

Mo sì rán wọn létí ìlú Òwu. Ní ìdá àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun fọ́ Òwu títí ó fi di ahoro, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì túká. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yè gbé orúkọ náà dé Abẹ́òkúta àti ibòmíràn. Títí di òní, bí a bá pe Òwu, ènìyàn ni ó ń dáhùn, kì í ṣe ọjà. Orúkọ tí ènìyàn ṣì ń jẹ́ kò tíì kú. Orúkọ tí ọjà nìkan ń jẹ́ nílò ẹni tí yóò máa sọ ìtàn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe rò pé ìwé atúmọ̀-èdè jẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ lásán. Ibi ìsìnkú ni nígbà mìíràn, ilé ọba ni nígbà mìíràn, ọjà ni nígbà mìíràn. Ẹ má ṣe ka ohun tí mo kọ yìí sí ìpolówó tábà, nítorí tábà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni. Ẹ kà á sí ìkìlọ̀ pé kí ẹ máa bèèrè. Ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀rọ̀ kì í sọ ìtàn nù.

ÌDÁNWÒ LÓRÍ ÀYỌKÀ YÌÍ

1. Kí ni 'stogie' túmọ̀ sí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, báwo sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti ṣe gbòòrò?
2. Dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà sọ sìgá lórúkọ, kí o sì fi àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan gbè é lẹ́sẹ̀.
3. Kí ni ó mú kí àwọn awakẹ̀kẹ́ nílò bàtà nínípọn àti sìgá olówó pọ́ọ́kú?
4. Ohun mẹ́ta wo ni onímọ̀ ń wò kí ó tó gba ìtàn orísun ọ̀rọ̀ gbọ́? Báwo ni bàtà ti ṣe di ẹ̀rí kẹrin?
5. Ṣàlàyé òwe yìí bí ó ti bá àyọkà yìí mu: "Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé."
6. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn tìrẹ: májẹ̀mú, ahoro, pọ́ọ́kú, orísun, ìrántí.

ÀRÒKỌ: Yan ohun kan tí a ń tà lọ́jà ìlú rẹ tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú tàbí ti ènìyàn kan. Bèèrè ìtàn orúkọ náà lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí o sì kọ ohun tí o gbọ́ sílẹ̀ ní ojú ìwé méjì. Fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun tí wọ́n rí ẹ̀rí rẹ̀ àti ohun tí wọ́n kàn gbọ́.